Ibojì Ìyá Mi Tó Bọ́ Sójú Ọ̀nà

Orí ibojì ìyá mi ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí mo sọ fún gbogbo ìlú Ọ̀wọ̀ lórí rédíò pé kí ìjọba wó ohunkóhun tó bá wà lójú ọ̀nà, kí wọ́n má wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Títí di òní, tí mo bá rántí, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ọ̀rọ̀ ìlú ni oúnjẹ mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé. Èmi ni mo máa ń gbé okùn ìwọ̀n kiri, tí mo ń sọ fún àwọn àgbààgbà pé, "Ẹ sún ògiri yín sẹ́yìn, bàbá, ọ̀nà ìjọba lẹ wà yìí." Ojú mi rí nǹkan. Mo rí ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà, tí òjò bá rọ̀ tí omi wọlé bá a, á ní ayé ló ń ṣe òun. Mo rí ẹni tó gbé odi ilé rẹ̀ bọ́ sójú títì, tí mo bi í léèrè, tó ní àlá ni wọ́n ti fi ibẹ̀ han òun. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo dá okùn ìwọ̀n padà fún ìjọba, ṣùgbọ́n n kò dá ẹnu mi padà.

Rédíò wá di ọ́fíìsì mi. Ètò kan wà láràárọ̀ tí wọ́n ti máa ń ka ìròyìn agbègbè wa, tí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á ní kí ará ìlú pè wọlé. Atọ́kùn ètò náà ti mọ ohùn mi. Tí mo bá ti ní "Ẹ káàárọ̀," á ti bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá wa ti dé o! Bàbá, ẹ fún wa!" Èmi náà á sì fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbé ọjà kúrò láàárín ìlú lọ sẹ́yìn odi, mo ní ọjà tí ẹsẹ̀ èèyàn ò dé, ewúrẹ́ ni yóò jogún ẹ̀. Ẹ lọ wò ó lónìí, ewúrẹ́ ti bímọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ri iná tó ń lo oòrùn mọ́ ẹ̀bá títì, mo bi wọ́n pé ta ni yóò máa nu ojú ẹ̀? Kò pẹ́ rárá tó fi di òpó lásán.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tí yóò máa ra ẹ̀gẹ́ ń bọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọsẹ, kí àwọn àgbẹ̀ Ìjàgbà, Àfò àti Elégbèkà lọ gbin ín kúnlẹ̀. Mo pariwo lórí rédíò: "Ọ̀nà dà? Orí ta ni wọn yóò fi rù ú?" Àwọn èèyàn gbìn ín. Ilé iṣẹ́ ò dé. Ẹ̀gẹ́ le sínú ilẹ̀ bí igi, gàrí sì ń wọ́n lójú wa níbí, tí èèyàn á dúró ti kóńgò kan, á máa rò ó bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Háà! Ebi ń pa ará ìlú, oúnjẹ ń jẹrà lóko, ìrìn àjò kékeré ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Torí náà, ọ̀nà ni mo ń jà fún. Mo ní tí ọ̀nà bá dára, ohun gbogbo á tẹ̀ lé e wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ibi tí mo ti máa ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìjàgbà ni wọ́n ti bí ìyá mi, Ọ̀wọ̀ ló relé ọkọ. Bàbá mi ló kọ́kọ́ kú, a sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, nítòsí ilé ìdáná. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìyá mi náà lọ, ó pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó ní, "Ẹ má gbé mi sẹ́yìn ilé o. Bàbá yín kì í sọ̀rọ̀, ta ni kí n máa bá ṣeré níbẹ̀? Iwájú ni kí ẹ sin mí sí, níbi tí n ó ti máa gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, tí wọ́n á máa kí mi." Bó ṣe wí náà la ṣe. A fi sìmẹ́ńtì gbé ibojì rẹ̀ sókè dé orúnkún, a fi táìsì funfun bò ó.

Àwa nílé wa, a kì í sá fún òkú wa. Ibojì yẹn di àga, ó di tábìlì, ó di ibi tí a ń sá nǹkan sí. Ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwa méjèèjì jọ ń gbé ilé bàbá wa, máa ń sá èlùbọ́ sí apá ibi ẹsẹ̀. Èmi á jókòó sí apá ibi orí pẹ̀lú rédíò mi. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì, obìnrin ará Àkókó kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, á sọdá wá tí ooru bá mú un, á jókòó sáàárín wa, á máa ṣẹ́ etí aṣọ. Láràárọ̀ tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi ló máa ń kọ́kọ́ kí: "Màmá, ẹ káàárọ̀ o!" kó tó kí èmi tí mo wà láàyè. Mo máa ń bá a jà sí i. Á ní, "Bàbá, ẹ má bínú, àgbà là á kọ́kọ́ kí."

Ẹ wá wo àṣìṣe mi báyìí. Èmi tí mo fi okùn wọn gbogbo ìlú, mo wọn ilé wa, mo wọn ọgbà wa, wọ́n wà lẹ́yìn ààlà dáadáa. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti wọn ibojì. Ta ni í wọn ìyá ẹ̀? Ilé ni wọ́n ń wọ̀n, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń wọ̀n. Ìyá mi kì í ṣe ilé, kò sì tajà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kà á lórí rédíò pé wọ́n fẹ́ sọ ọ̀nà iwájú ilé wa, èyí tó já sí ọ̀nà Ọsẹ, di oníbejì, kó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, n kò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo fò dìde lórí ibojì, mo tún jókòó, mo tẹ nọ́ńbà. Atọ́kùn ní, "Bàbá wa, kí lẹ rí sí i?" Mo ní, "Ó ti pẹ́ jù! Ẹni tó bá gbé nǹkan sójú ọ̀nà ìjọba, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kí wọ́n wó o! Kí wọ́n má gba ẹ̀bẹ̀! Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jókòó lé ìlọsíwájú gbogbo ìlú lórí ni?" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ìdí mi sì wà lórí táìsì. Aránṣọ rẹ́rìn-ín láti òdìkejì, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra o, ṣọ́ọ̀bù mi ń gbọ́ yín." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ti fi ẹsẹ̀ wọn tirẹ̀, ó wà lẹ́yìn ààlà.

Kò pé oṣù méjì tí àwọn awọnlẹ̀ fi dé. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, kò tíì lè pé ẹni ogójì ọdún, ó wọ bàtà òjò. Ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e, wọ́n gbé okùn ìwọ̀n àti agolo ọ̀dà pupa. Mo bu omi tútù fún wọn. Mo ń tẹ̀ lé wọn kiri bí ẹni pé èmi lọ̀gá wọn, mo ń nawọ́: "Gọ́tà yẹn, ẹ kọ ọ́! Àtíbàbà yẹn, ẹ kọ ọ́!" Wọ́n dé iwájú ilé wa, wọ́n na okùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó sì fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sórí táìsì funfun ìyá mi.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣèèṣì ni. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni! O da ọ̀dà lé ìyá mi lórí!" Ó wò mí, ó wo ọ̀gá rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí rédíò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń wá ibi tí mo máa jókòó sí. Ibi tí mo máa ń jókòó sí gan-an ni wọ́n kùn ní pupa yẹn.

Obìnrin náà sún mọ́ mi, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí wa. Ìyá yín ló wà níbẹ̀?"

"Ìyá mi ni."

"Ẹ dákun, ohùn yín yìí... Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò?"

Mo gbé! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Mo mi orí, n kò sì mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ni mo mì àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé gbogbo ibojì náà ló wọ ojú ọ̀nà, kì í ṣe ìdajì. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn ni kí wọ́n sún okùn díẹ̀ sí òdìkejì. Tí wọ́n bá sì sún un, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ nìyẹn, àti yàrá tó ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ìlà yìí kò tíì wọ ìwé, bàbá. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ kọ lẹ́tà, kí n rí i gbà lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n máa ń ro ti ibojì." Mo gbójú sókè. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé, mo sì gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú fún mi. Ó ní, "Kọ lẹ́tà kíá. Aránṣọ lè rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn háyà. Ṣé ìyá wa lè háyà iwájú ilé mìíràn?"

Mo ní obìnrin yẹn kò ní ibòmíràn tó máa forí lé.

Ó ní, "Ìyá ẹ ńkọ́?"

Mo ní gbogbo ìlú ló gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó pàtẹ́wọ́. "Áà! Torí ohun tó o sọ ní rédíò! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìẹ kọ́ lọ̀ràn bá báyìí, ìyá wa ló bá."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rìn ká inú ilé. N kò tan rédíò. Mo kọ lẹ́tà náà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ ọ́, n kò ní purọ́, lẹ́tà tó dán mọ́rán bí èyí tí mo máa ń kọ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ká a sápò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe jáde, aránṣọ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé yóò gbójú kúrò lára wa, ṣé kò yẹ kó gbójú kúrò? Ó ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o!" Lẹ́yìn náà ló kí èmi. Ká ní ó bú mi ni, ká ní ó tiẹ̀ sunkún sí mi lọ́rùn ni, ǹ bá fi lẹ́tà yẹn jíṣẹ́. Ojú tì mí. Ẹ má pè é ní oore o, ìtìjú ni. Nígbà tí awọnlẹ̀ dé, mo ní kó jẹ́ kí okùn lọ gbọọrọ bó ṣe wà. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú àpò aṣọ yẹn, n kò wọ aṣọ náà mọ́.

Níbo wá ni ká gbé ìyá lọ? Ẹ̀yìnkùlé ti kún. Bàbá mi wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, kànga àti sálángá ló gba ìyókù. Ìyá mi kò sì fẹ́ ìtẹ́ òkú, ó ní òun ò lè sùn láàárín àwọn tí òun ò mọ orúkọ wọn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ṣẹ́kù ní Ìjàgbà ló ránṣẹ́ pé ká gbé ẹ̀gbọ́n òun bọ̀ wálé.

Àlùfáà ìjọ wa gbàdúrà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ táìsì. Ìró òòlù yẹn ń dún nínú eyín mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti ìlẹ̀kùn yàrá mọ́rí, kò jáde. Mo ti pinnu pé n kò ní wo inú kòtò, mo sì wò ó. Aṣọ ti lọ, pósí ti di erùpẹ̀. Awò ojú ìyá mi ló wà níbẹ̀. Dígí rẹ̀ méjèèjì pé. Òwú dúdú tí mo fi so apá rẹ̀ kan nígbà tó kán ṣì wà níbẹ̀ ní síso. Èmi ni mo so ó. Ìyá mi dúró tì mí, ó ń sọ pé kí n so ó kó le, òun fẹ́ fi ka ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá lọ, kókó òwú ò tú! Mo figbe ta. Èmi àgbà ọkùnrin, mo ké títí aránṣọ fi sọdá títì wá dì mí mú.

Awakọ̀ tó gbé wa lọ sí Ìjàgbà ní òun gbọ́dọ̀ tètè padà, pé ọ̀nà Elégbèkà kò ṣeé fọkàn tán mọ́, àwọn ajínigbé kò jẹ́ kéèyàn mọ ọjọ́. Kòtò ojú títì ń gbé wa sọ sókè, ó ń gbé wa sọ sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di pósí kékeré tí a kó egungun ìyá mi sí mú lórí ẹsẹ̀ mi, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, "Ìyá, ẹ fara dà á. Tí wọ́n bá ṣe ọ̀nà yìí tán, gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni n ó máa wá kí yín."

Àbúrò ìyá mi, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, ti jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ síwájú ilé bàbá wọn. A dá awò ojú rẹ̀ padà fún un, a sin ín. Bàbá arúgbó rí i pé ara mi kò balẹ̀, ó ní, "Má dààmú. Níbí náà, ẹsẹ̀ èèyàn ń kọjá." Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí rédíò kan tí wọ́n so mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jìnnà sí ibojì rárá. Ó ní, "Ìwọ náà, à ń gbọ́ ẹ níbí. Tó o bá ti lanu báyìí, mo máa ń yí i sókè kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́ ọmọ wa."

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ. "Obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ gbé dọ́jọ́ ikú, ìwọ lo wá kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. O ti sọ ìyá wa di dálémosú lẹ́yìn tó ti kú." Kò tún un sọ mọ́. Mo lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá ibojì bàbá mi, bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì.

A wá ń retí katapílà. Oṣù kan kọjá. Òjò bẹ̀rẹ̀, kòtò iwájú ilé kún fún omi, ẹ̀fọn pa àgọ́ síbẹ̀. Mo gbé àga oníke sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àga náà ń yẹ̀ gẹ̀ẹ́rẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Láàárọ̀, aránṣọ á ṣí ṣọ́ọ̀bù, á kọjú sí wa, á lanu, á sì tún pa ẹnu dé kó tó wá kí èmi nìkan. Mo jẹ́ ẹni àkọ́kí níkẹyìn. Mo ti wá ẹni tó máa gbé mi lọ sí Ìjàgbà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí awakọ̀ tó gbà. Èyí tó kẹ́yìn ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà náà ná."

Ìgbà tó yá ni ìròyìn dé, láàárọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kà á. Wọ́n ní wọ́n ti yí ìlà ọ̀nà náà padà. Ẹ̀yìn ìlú ni yóò gbà báyìí, inú igbó. Ọ̀nà inú ìlú yóò wà bó ṣe wà. Ti apá Ọsẹ sì di ìgbà mìíràn. Atọ́kùn kà á wẹ́rẹ́ bí ẹni ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, ó bọ́ sórí ìròyìn mìíràn.

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń jọ èlùbọ́, asẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀, kò wò mí. Aránṣọ ti jáde síta ní òdìkejì, ó fọwọ́ bo ẹnu. 

Fóònù mi dún. Atọ́kùn fúnra rẹ̀ ló pè. "Bàbá wa! Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti gbọ́ yín. Ẹ ti wà lórí afẹ́fẹ́ o. Kí lẹ rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí?"

Èébú tó wà lọ́fun mi lọ́jọ́ yẹn, ì bá kún apẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ bi wọ́n pé ṣé wọ́n mọ ohun tí mo san lórí ọ̀nà tí wọn ò là. Mo wo kòtò. Èérún táìsì kan ṣì wà létí rẹ̀ tí ọ̀dà pupa wà lára rẹ̀. Mo wá rántí bàbá arúgbó ní Ìjàgbà, pé ní ìṣẹ́jú yìí, á ti dìde, á ti yí rédíò òpó yẹn sókè.

"Ẹ káàárọ̀," mo ní.

"Bàbá, ẹ fún wa!"

"Ẹ ní sùúrù ná, ẹ̀yin kọ́ ni mo ń kí." Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o. Wọn ò ṣe ọ̀nà náà mọ́."